Níbo ni ilé wa lọ́jọ́ àjíǹde?

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ ikú ni, àti ọ̀rọ̀ ohun tí àwa onígbàgbọ́ ń retí lẹ́yìn ikú. Bí a kò bá sọ ọ́ nígbà tí ara ṣì le, àwọn ẹlòmíì ni yóò bá wa sọ ọ́ nígbà tí ẹnu wa bá ti pa dé, bó bá sì ṣe wù wọ́n ni wọn yóò ṣe sọ ọ́.

Ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa di olóògbé. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn ẹbí rẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe, ó sì ti lo ọdún 31 ní ìlú yìí. Ibí ló ti gbéyàwó, ibí ló bí ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí, ibí náà ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un. Ọjọ́ Ajé ló kú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìpè ti dé láti ilé: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin òkú náà sí Benin, wọn kì í sin ọmọ ìdílé àwọn sí ilẹ̀ onílẹ̀.

Bí òkú ṣe wọ mọ́ṣúárì nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méje ló lò níbẹ̀, torí àwọn ará ilé ní wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kun ilé, kí wọ́n ra màlúù, kí wọ́n sì mú aṣọ ẹbí. Owó mọ́ṣúárì ń gorí ara wọn lójoojúmọ́. Ìyàwó olóògbé ta ẹ̀rọ tí ọkọ rẹ̀ fi ń fá pákó, ó ta ayùn, ó ta pákó tó kù nílẹ̀. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, méjì nínú àwọn ọmọ kò lè padà. Ọjọ́ tí a wá ń gbé òkú náà lọ, ọkọ̀ tó gbé wa dẹnu kọlẹ̀ lóru láàrin Ifọ́n àti Ọ̀wọ̀. Etí títì la jókòó sí, àwa èèyàn méje àti pósí kan, à ń gbàdúrà kí ilẹ̀ mọ́, kí àwọn olè má sì bá wa níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni opó náà ti bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ṣé bí a bá sin ín sí Benin, Jésù kò ní rí i níbẹ̀ ni?"

N kò rí èsì fún un lóru ọjọ́ náà. Mo kàn ní kó fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò fi mí sílẹ̀ láti ìgbà náà. Èsì rẹ̀ ni mo fẹ́ fún un lónìí, kí gbogbo wa sì jọ gbọ́ ọ.

ÈMI NÁÀ JẸ NÍNÚ Ẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń bú àwọn ará ilé. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjẹ̀ṣà ni bàbá mi, òṣómàáló paraku. Kí ogun Bìáfárà tó bẹ̀rẹ̀ ló ti gbé aṣọ wá sí ilẹ̀ Benin, tó ń tà á láwìn kiri abúlé, tó sì ń padà lọ gbowó rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ mọ ìtumọ̀ orúkọ yẹn: ẹni tó ní ìlóṣòó lòun máa wà lẹ́nu ọ̀nà yín títí ẹ ó fi san owó òun. Nígbà tí bàbá mi kú ní ọdún 2004, kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ibi báyìí ni kí a sin òun sí. Àwa la bá a sọ ọ́. Mo ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tí mo ní, mo yá owó lé e, a gbé bàbá lọ sí Iléṣà, a sì náwó rẹpẹtẹ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi san gbèsè náà. Àwọn tó jẹ màlúù ọjọ́ náà kò bá mi san kọ́bọ̀.

Bí ẹ bá bi mí nígbà náà pé kí ló mú mi ṣe é, màá ní ìgbàgbọ́ ni. Irọ́ ni. Ìtìjú ni. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ sọ pé ọmọ rẹ̀ sin ín sí àjò bí ẹni tí kò níran. N kò tilẹ̀ ronú kan ọjọ́ àjíǹde rárá, èmi tí mò ń jẹ́wọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.

OHUN TÍ ÀWỌN BABA WA GBÀ GBỌ́

Kí ẹ̀sìn Kristi tó dé, àwọn baba wa kò gbà pé ikú ni òpin. Wọ́n ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ẹni tó lọ sọ́jà, bó pẹ́ bó yá, á darí sílé. Bí a bá bí ọmọkùnrin lẹ́yìn ikú bàbá àgbà, wọ́n á sọ ọ́ ní Babátúndé. Bó bá jẹ́ obìnrin lẹ́yìn ikú ìyá àgbà, á di Yétúndé tàbí Ìyábọ̀. Bí a bá ń sin àgbàlagbà, a máa ń kìlọ̀ fún un kó má jẹ ọ̀kùn, kó má jẹ ekòló, ohun tí àwọn ará ọ̀run bá ń jẹ ni kó bá wọn jẹ. À ń bá òkú sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò.

Àwọn tó gbà wá lálejò níbí náà kò jìnnà sí wa lórí èyí. Àwọn àgbà Ẹ̀dó a máa sọ pé ènìyàn lè padà wá sáyé tó ìgbà 14 kí ìrìn rẹ̀ tó parí. Nítorí náà, nígbà tí àwọn oníwàásù kọ́kọ́ wá sọ fún àwọn baba wa pé ìyè ń bẹ lẹ́yìn ikú, ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wọn.

Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé wọ́n ní ẹni tó kú yẹn fúnra rẹ̀ ni yóò jí. Kò ní padà wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ọmọ ara rẹ̀. Kò sì ní dà bí àkúdàáyà tí wọ́n ń ròyìn, tó lọ ń gbé ìlú mìíràn, tó gbéyàwó tuntun, tó wá pòórá lọ́jọ́ tí ará ilé rẹ̀ rí i. Bàbá yẹn gan-an, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú ara tí Ọlọ́run ti sọ di ọ̀tun, ni yóò dìde, tí kò sì ní kú mọ́ láé. Èyí ni àjíǹde.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Inú "jí" ló ti jáde, ọ̀rọ̀ kan náà tí à ń lò láràárọ̀ tí a bá ń bi ara wa pé ṣé dáadáa la jí. Bí ìdílé onígbàgbọ́ bá lẹ ìwé ìkéde òkú mọ́ ògiri, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá wọn sùn nínú Olúwa. Ẹni tó bá sùn la máa ń retí pé yóò jí. Àwọn tó kọ́kọ́ fi èdè wa sọ ọ̀rọ̀ yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

OHUN TÍ ÌWÉ MÍMỌ́ SỌ

Ní nǹkan bí ọdún 55 lẹ́yìn ibí Kristi ni Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà rẹ̀ kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì. Àwọn kan nínú ìjọ yẹn ti ń sọ pé kò sí àjíǹde. Ní orí 15, Pọ́ọ̀lù kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó ní bí Kristi kò bá jíǹde, a jẹ́ pé asán ni ìwàásù òun, asán sì ni ìgbàgbọ́ wọn. Ó ka àwọn ẹlẹ́rìí: Pétérù rí i, àwọn méjìlá rí i, àwọn ará tó lé ní 500 rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, púpọ̀ nínú wọn sì ṣì wà láàyè nígbà tó ń kọ̀wé náà. Ohun tó ń sọ ni pé kí ẹni tó bá ń ṣiyè méjì lọ bi wọ́n.

Lẹ́yìn náà ló wá dáhùn ìbéèrè tó wà lọ́kàn gbogbo ènìyàn: irú ara wo ni òkú yóò gbé dìde? Ó fi irúgbìn ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbin àgbàdo rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Horo gbígbẹ la máa ń rì mọ́lẹ̀. Ohun tó máa hù ní ewé, ó ní ìdí, ó ní irùkẹ̀rẹ̀, kò jọ horo tí a gbìn, síbẹ̀ láti inú horo yẹn ló ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ní ara tó ń jẹrà yóò ṣe di ara tí kì í jẹrà.

Ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ sí ohun méjì níbí, torí ó máa ń da ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn rú. Jíjí òkú dìde yàtọ̀ sí àjíǹde ìkẹyìn. Lásárù ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ibojì kí Jésù tó pè é jáde. Màtá arábìnrin rẹ̀ ti sọ ṣáájú pé òun mọ̀ pé arákùnrin òun yóò jíǹde ní ọjọ́ ìkẹyìn. Lásárù jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara tó máa kú ló ṣì gbé jáde.

Ọ̀dọ̀ tiwa náà, ìtàn bẹ́ẹ̀ wà. Ní oṣù keje ọdún 1930, ní Òkè-Òyè ní Iléṣà, wọ́n ròyìn pé ọmọ kan tó ti kú jí nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá gbàdúrà. Kí Ọlọ́run tó pè é, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì ló ń wà. Láti inú ìsọjí yẹn ni ìjọ CAC ti wá. Ìyá bàbá mi wà lára àwọn èrò tó rọ́ lọ síbẹ̀, ó sì máa ń sọ ọ́ fún wa pé ẹsẹ̀ kò gbèrò. Ṣùgbọ́n Babalọlá fúnra rẹ̀ kú sí Ẹdẹ ní ọjọ́ 26, oṣù keje, ọdún 1959. Ní ìlú Benin yìí náà, ẹni tí kò mọ Bísọ́ọ̀bù Àgbà Benson Idahosa, olùdásílẹ̀ ìjọ Church of God Mission, kò pọ̀. Wọ́n máa ń sọ pé nígbà tó wà ní ìkókó, àìsàn ṣe é débi pé wọ́n rò pé ó ti kú, wọ́n gbé e sọ sórí ààtàn, ìyá rẹ̀ ló gbé e padà nígbà tó gbọ́ igbe rẹ̀. Ẹni tó ti orí ààtàn dìde yìí náà kú ní ọjọ́ 12, oṣù kẹta, ọdún 1998.

Gbogbo wọn ló wà níbi tí káfíńtà wa wà báyìí, tí wọ́n ń dúró de ìpè kan náà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní kí ẹ gbé òkú yín wá sí ilé àdúrà òun, kí ẹ sanwó, kí òun lè jí i láàrin ọjọ́ méje, ẹ rọra kí i, kí ẹ sì gba ilé yín lọ. Ìlérí tí a fi ń sinmi kì í ṣe ti ọjọ́ méje.

ÀWỌN ÀTÌPÓ INÚ BÍBÉLÌ

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ilẹ̀ wo ló dára jù láti sùn sí de ọjọ́ náà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Ábúráhámù, torí àtìpó bíi tiwa ni. Nígbà tí Sárà ìyàwó rẹ̀ kú ní Hébúrónì, kò ní ilẹ̀ tó tó ìtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Ìlú àwọn baba rẹ̀ jìnnà. Kò gbé òkú Sárà sórí ràkúnmí padà sí Háránì. Ó dìde níwájú òkú, ó tọ àwọn onílẹ̀ lọ, ó tẹrí ba fún wọn, ó sọ fún wọn pé àlejò ni òun láàrin wọn, kí wọ́n jọ̀ọ́ ta ibi ìsìnkú fún òun. Wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn á fi ta á lọ́rẹ, ó ní rárá, òun máa sanwó. Ó wọn 400 ṣékélì fàdákà fún Éfúrónì níwájú gbogbo ará ìlú lẹ́nu ibodè, ó sì sin ìyàwó rẹ̀ sínú ihò Makipela. Ẹ lọ ka Jẹ́nẹ́sísì orí 23. Àlejò tó mọ ìwà hù ni, ó rí àyè sin òkú rẹ̀ pẹ̀lú iyì láàrin àwọn onílẹ̀.

N kò ní fi apá kan pa mọ́ fún yín. Jákọ́bù kú sí Íjíbítì, ó sì ti mú kí Jósẹ́fù búra pé òun kò ní sin ín síbẹ̀. Ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi tọ́jú òkú náà kó má bàa jẹrà, wọ́n wá fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin àti ọ̀wọ́ èèyàn ńlá gbé e lọ sí Makipela. Jósẹ́fù náà ní kí wọ́n kó egungun òun lọ, Mósè kó o, wọ́n sì sin ín sí Ṣékémù. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti gbé òkú lọ sílé. Ẹni tó bá lágbára rẹ̀, tí olóògbé sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó ṣe é. Ṣùgbọ́n Mósè tó kó egungun Jósẹ́fù yìí, ilẹ̀ Móábù ló kú sí, Ìwé Mímọ́ sì ní ẹnikẹ́ni kò mọ ibojì rẹ̀. Ta ni nínú wa tó máa sọ pé Ọlọ́run ti gbàgbé Mósè?

Ìwé Hébérù orí 11 ló kó ọ̀rọ̀ wọn pọ̀. Ó ní gbogbo àwọn wọ̀nyí gbà pé àlejò àti àtìpó ni àwọn lórí ilẹ̀ ayé, ìlú mìíràn tó dára ju èyí tí wọ́n ti jáde wá ni wọ́n ń wá, Ọlọ́run sì ti pèsè ìlú náà sílẹ̀ fún wọn. Àwa tí à ń sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ. Iléṣà dára. Ṣùgbọ́n bí ayé bá jẹ́ ọjà lóòótọ́, inú ọjà náà ni Iléṣà wà, bí Benin ṣe wà níbẹ̀.

AJAYI CROWTHER ÀTI ÌYÁ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹnì kan wá láti inú ẹ̀yà wa. Bísọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn ni. Ní ọdún 1821 ni àwọn ológun kó ìlú wọn, tí wọ́n sì yà á nípa pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi àwọn olówò ẹrú. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ọdún 25 ni ìyá rẹ̀ fi gbà pé òun kò ní rí ọmọ òun mọ́ láyé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, wọ́n pàdé ní Abẹ́òkúta. Ìyá náà dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó ń gbọ̀n, kò lè sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1848, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un. Bí mo bá fẹ́ mọ bí ọjọ́ àjíǹde yóò ṣe rí, ìpàdé yẹn ni mo máa ń rò.

Crowther di bísọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Òun ló ṣe olórí iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tó jáde lódindi ní èdè wa ní ọdún 1884. Ó kú sí Èkó ní ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, ọdún 1891. Wọn kò gbé e lọ sí Òṣogùn. Itẹ́ òkú Ajele ní Èkó ni wọ́n sin ín sí. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba fọ́ itẹ́ òkú yẹn, wọ́n sì kó ohun tó kù lára rẹ̀ lọ sí Kàtídírà ti Kristi ní Marina. Ẹ wò ó: ẹni tó fún wa ní Bíbélì tí a fi ń ka ọ̀rọ̀ àjíǹde, kò sùn sílé, ibi tí wọ́n tilẹ̀ kọ́kọ́ sin ín sí kò dúró. Babalọlá tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ Òdó-Ọwá ní Kwara ni, Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni ibojì rẹ̀ wà.

Àwọn tí kò tilẹ̀ ní ibojì ńkọ́? Ìlú Benin mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ń gba inú aṣálẹ̀ àti Líbíyà lọ sí Yúróòpù, gbogbo wọn kọ́ ló ń dé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, òkú àwọn ọ̀dọ́bìnrin 26, ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n kú sínú òkun Mẹditaréníà, ni wọ́n gbé gúnlẹ̀ sí Salerno ní ilẹ̀ Ítálì. Agbègbè yẹn ni wọ́n sin wọ́n sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn láti kọ ọ́ sára pósí. Àwọn mìíràn tún wà tí òkun kò tíì dá padà títí di òní. Ìyá wọn wà níbì kan tó ń retí ìpè. Bó bá jẹ́ pé ẹni tí a sin sílé nìkan ni Kristi máa rí, kí la fẹ́ sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ìwé Ìfihàn orí 20 sọ pé òkun yóò jọ̀wọ́ àwọn òkú tó wà nínú rẹ̀. Ìgbàgbọ́ tí kò bá lè dúró níwájú ìyá yẹn, kò lè dúró níwájú ẹnikẹ́ni.

OHUN TÓ Ń BÀ WÁ LẸ́RÙ

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà máa sọ. Wọ́n á ní ojú orórì bàbá ni ọmọ fi ń mọ ìdílé rẹ̀. Wọ́n á ní bí a bá ń sin gbogbo èèyàn sí àjò, àwọn ọmọ wa kò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́, àwọn ará ilé á sì sọ pé kò sí ìpín wọn nínú ilẹ̀. Wọ́n á ní itẹ́ òkú ìgboro kò ní olùtọ́jú, igbó á bò ó, ìjọba sì lè fọ́ ọ. Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti Ajele fún yín tán.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Àwọn ọmọ káfíńtà wa kò mọ ilé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n lò níbẹ̀, orí ẹní ni wọ́n sùn ní yàrá àlejò, wọ́n sì padà wá sí Benin láì ní owó ilé ẹ̀kọ́. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ wa mọ ilé, ìgbà tí bàbá rẹ̀ wà láàyè ló yẹ ká máa mú un lọ, ní ọdún Àjíǹde, ní Kérésìmesì, kó jẹ iyán ọwọ́ ìyá àgbà. Òkú kò lè júwe ọ̀nà fún ọmọ.

Ẹ tún wo àwọn ará wa tó jẹ́ Mùsùlùmí. Àwọn náà gba àjíǹde gbọ́, wọ́n ń retí Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Síbẹ̀, bí ọ̀kan nínú wọn bá kú ní àárọ̀, wọ́n á ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n á ti kírun sí i lára, wọ́n á sì ti sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, ní ibi tó bá kú sí. Kò sí mọ́ṣúárì, kò sí gbèsè. N kò ní ká di Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n lórí èyí, ìwà wọn fi ìgbàgbọ́ nínú àjíǹde hàn ju tiwa lọ.

ÀBÁ MI FÚN ÌPÀDÉ WA

Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló mọ̀ pé òfin wa sọ pé dandan ni ká gbé òkú ọmọ ẹgbẹ́ lọ sílé, ká sì dá owó orí fún un. Èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tí a ṣe òfin yẹn, mo sì nawọ́ sókè. Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, mo fẹ́ ká tún un gbé yẹ̀ wò. Àbá mẹ́rin ni mo ní.

Èkínní, kí a yọ ọ̀rọ̀ dandan kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sílé, a ó sìn ín lọ. Ẹni tó bá fẹ́ sùn síbí, a ó sin ín síbí pẹ̀lú iyì kan náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Èkejì, kí olúkúlùkù wa kọ ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le, kí ìwé náà wà lọ́wọ́ aya tàbí ọkọ rẹ̀, lọ́wọ́ pásítọ̀ tàbí lèmọ́mù rẹ̀, àti lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Bí ìpè bá dé láti ilé, ìwé la ó kà fún wọn.

Ẹ̀kẹta, kí òkú má lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ ní mọ́ṣúárì bó bá jẹ́ pé owó ẹgbẹ́ la fẹ́ fi ṣe é.

Ẹ̀kẹrin, owó orí tí a bá dá, kí a kọ́kọ́ yọ owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ olóògbé kúrò nínú rẹ̀ kí a tó ra ohunkóhun. Òkú tó ń retí àjíǹde lè dúró de Ọlọ́run. Ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ lé jáde kò lè dúró.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tèmi. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn tí a jẹun tán, mo pe ìyàwó mi àti àwọn ọmọ, mo sọ fún wọn pé bí ọlọ́jọ́ bá dé, kí wọ́n sin mí sí Benin níbí. Àkọ́bí mi ní, "Bàbá, kí ni àwọn ará Iléṣà máa wá sọ?" Mo ní wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á sì dákẹ́ nígbà tó bá yá. Ìyàwó mi ní kí n jẹ́ kí òun ronú sí i, torí òun fẹ́ kí a jọ sùn síbì kan náà, ara òun kò sì tíì gba Benin. Mo ní kò burú. A ò tíì parí rẹ̀, ṣùgbọ́n a ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Ìyàwó wa, ìwọ tí o bi mí ní ìbéèrè lóru ọjọ́ yẹn lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀, èsì rẹ nìyí, jọ̀wọ́ má bínú pé ó pẹ́. Ibi yòówù ká sin ọkọ rẹ sí, Jésù yóò rí i. Ì bá rí i lórí òkè Ikpoba yìí, ì bá rí i létí títì tí a jókòó sí. Owó tí o ná ti lọ, kò sí bí a ṣe lè rí i gbà padà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ti gbọ́ ti àwọn ọmọ méjèèjì, òun ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí a ó jíròrò lọ́jọ́ ìpàdé, kó tó kan ọ̀rọ̀ òfin.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ máa bọ̀ ní ìpàdé, ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí á dàgbà, kí á tó darí sílé. Ire o.